Ìbò 353: ọ̀nà tí ìwé ìdìbò ń tọ̀ láti Ifẹ̀ dé Òṣogbo

"Ìbò mi ẹyọ kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ dà?"

Màmá kan tó ń ta ata nítòsí Odò-Ògbè níbí ní Ilé-Ifẹ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da tàtàṣé sínú ọ̀rá fún mi. Káàdì ìdìbò wọn wà nínú àpò kan náà tí wọ́n ń kó ìwé àjọ sí. Báǹkì ni wọ́n máa ń mú un lọ, kí wọ́n fi mọ̀ pé àwọn gan-an ni wọ́n ni owó tí wọ́n wá gbà. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, wọn ò mú un dé ibi ìdìbò mọ́. N kò bá wọn jiyàn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo sọ fún wọn: 353.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 la dìbò gómìnà ní Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán ní Òṣogbo, Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 254,345. Ẹ yọ ọ́ wò. Ìbò àwọn méjèèjì lé ní ìdajì mílíọ̀nù, 353 péré ló sì wà láàárín wọn. Èrò tó ń jókòó sábẹ́ kánópì níbi òkú àgbà kan ṣoṣo ní Ìlódè lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, wọn ò kéde ẹnì kankan. Wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó méje, àwọn tó sì forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó méjèèje jẹ́ 3,498. Ìlànà INEC, àjọ elétò ìdìbò, ni pé bí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi ju ẹnì kejì lọ bá kéré sí iye àwọn tí a ò tíì gbọ́ ohùn wọn, a ò tíì mọ ẹni tó wọlé nìyẹn. Wọ́n wá dá àtúndì sí ọjọ́ 27 oṣù náà. Mẹ́ta nínú ibùdó méje yẹn, ilẹ̀ Ifẹ̀ ni wọ́n wà: méjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ifẹ̀, ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀. Mẹ́ta tún wà ní Orolú, ọ̀kan ní Òṣogbo.

Ẹni tó bá wà ní Ifẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn kò ní gbàgbé. Ìyíọlá Omíṣore, ọmọ Ifẹ̀, ló ṣe ipò kẹta lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP pẹ̀lú ìbò 128,049. Kíá ni ilé rẹ̀ di ibi tí gbogbo mọ́tò ńláńlá ń gbà lọ. Bùkọ́lá Sàràkí, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, wá bá a fún PDP. Àwọn èèyàn APC náà wá. APC ló padà bá lọ. Nígbà tí wọ́n ka ìbò àtúndì, APC rí 1,160, PDP rí 325. Bí Oyètọ́lá ṣe di 255,505 nìyẹn, tí Adélékè di 255,023, ìyàtọ̀ jẹ́ 482. Àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè tó wá wo àtúndì náà sọ ní gbangba pé ó jọ pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn olùdìbò, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn kan ráyè dé ibi ìdìbò. N kò lè fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí màmá aláta rí ni pé àwọn èèyàn tí kò tó 3,500, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará abúlé, ló di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà ń bẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ìwé ìdìbò kan, ká wo ibi tó ń gbà.

Ìrìn rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀, ibi tó bá sì fi orúkọ sí nìkan ló ti lè dìbò, àyàfi tó bá ti lọ gbé e kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Èyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì wa kì í rántí. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ 16 oṣù Keje ni ìbò gómìnà bọ́ sí. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ ní Ifẹ̀ níbí, tó ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí Adó, káàdì rẹ̀ wà lápò rẹ̀, kò sì wúlò fún un, torí bó bá di ọjọ́ ìbò, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Ohun mìíràn tún ni pé ní 2021 INEC fi kún ibùdó ìdìbò káàkiri orílẹ̀-èdè, láti 119,973 sí 176,846. Ọ̀ṣun nìkan ní 3,763 báyìí. Ó dín ìlà kù, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó tú orúkọ àwọn kan kúrò níbi tí ojú wọn ti mọ́. Mo ti rí bàbá àgbà kan tó dúró láti aago méje àárọ̀ lábẹ́ igi tó ti ń dìbò láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n wá sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ti wà ní òdìkejì títì. Bàbá binú, wọ́n lọ sílé. Ẹ yẹ orúkọ yín wò kí ọjọ́ tó pé, ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ ìbò fúnra rẹ̀, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń parí, ẹni tó bá sì ti wà lórí ìlà kí aago náà tó lù gbọ́dọ̀ dìbò. Àgùnbánirọ̀ ló máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ BVAS wo káàdì, wọ́n á ní kí ẹ tẹ̀ka. Bí ìka bá kọ̀, ẹ̀rọ náà á ya ojú yín. Ìka àwọn tó ti ń la kòkò, tó ń ro oko fún ogójì ọdún, kì í fẹ́ wọlé, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín padà torí ìka: ojú ló kàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ pé orúkọ olùdíje kò sí lórí ìwé ìdìbò. Orúkọ ẹgbẹ́ àti àmì rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orin ìgbálẹ̀ àti agbòòrùn dí wa létí fún oṣù mẹ́fà. Ìwé náà gùn, ẹgbẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan kéré. Bí ìka bá kan ilé ẹgbẹ́ méjì, ìbò náà ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá ká a lódìkódì kí tàdáwà tó gbẹ, tàdáwà lè ràn mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ní 2022, ìbò 18,674 ni wọ́n dà nù báyìí ní Ọ̀ṣun. Ẹ fi wé 353: ó ju ìlọ́po àádọ́ta lọ. Gbogbo àwọn wọ̀nyẹn ló jí, wọ́n wẹ̀, wọ́n tò sórí ìlà, oòrùn pa wọ́n, wọ́n dìbò, wọn ò sì kà wọ́n.

Tí wọ́n bá dì í tán, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kà á. Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Òṣìṣẹ́ á gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò á máa fi ohùn gbè é: "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!" Ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ń lọ á rò pé àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní EC8A, aṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí i, á gba ẹ̀dà tirẹ̀, ọlọ́pàá náà á gbà. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú BVAS, wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí ìkànnì IReV tí gbogbo ayé ti lè wò ó. Wọ́n á sì lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri.

Ìwé ara ògiri yẹn ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí rédíò lọ. Láti ibùdó, èsì á lọ sí wọ́ọ̀dù, láti wọ́ọ̀dù sí ìjọba ìbílẹ̀, láti ìjọba ìbílẹ̀ sí Òṣogbo, níbi tí ọ̀gá àgbà yunifásítì kan ti máa ń kéde. Ní gbogbo ìkóríta yẹn, ìṣirò lásán ni wọ́n ń ṣe. Ìwé ìdìbò gan-an kò kúrò ní àdúgbò yín ká tó mọ ohun tó wí. Bí nọ́ńbà bá wá yí padà lójú ọ̀nà, ẹni tó ya fọ́tò ògiri ló ní ẹ̀rí. Wọn ò gba fóònù láyè níbi tí èèyàn ti ń tẹ̀ka, àmọ́ kò sí òfin tó ní kí ẹ má ya ògiri.

Bákan náà, kì í ṣe pé kí olùdíje ní ìbò tó pọ̀ jù nìkan. Òfin ìpìlẹ̀ ní ó tún gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ọgbọ̀n la ní ní Ọ̀ṣun, ogún ló gbọ́dọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo, bó ti wù kó tóbi tó, kò lè fi ọmọ rẹ̀ jẹ gómìnà.

Ẹni tó bá wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn máa ń béèrè ìdí tí ìbò gómìnà tiwa kì í fi í bá ti àwọn yòókù rìn. Ẹjọ́ ló fà á. Ní 2007 wọ́n kéde Ọlágúnsóyè Oyinlọlá. Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà, gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà falẹ̀ títí di ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2010, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn tó sọ pé òun ló wọlé. Wọ́n búra fún un lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ ìbúra ni ọdún mẹ́rin gómìnà ti ń bẹ̀rẹ̀. INEC ti fi èyí tó kàn sí oṣù Kẹjọ ọdún 2026. Nígbà tí ìbò wa sì dá dúró báyìí, gbogbo ọlọ́pàá Nàìjíríà àti gbogbo olówó rẹ̀ ló máa ń gba ọ̀nà Gbọ̀ngán wọlé.

Wàyí o, kí ló ń gbé èèyàn dìde nílé?

Bí ẹ bá bi wọ́n lórí rédíò, wọ́n á ní ìdàgbàsókè. Lórí ìlà, ohun mìíràn lẹ máa gbọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, Arẹ́gbẹ́ṣọlá ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Omíṣore ọmọ Ifẹ̀ ló kojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ètò ẹgbẹ́ kankan ní Ẹnuwá tàbí ní Ọjà Àtákúnmọ́sà. "Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ ó ṣe é" ni gbogbo ẹnu ń wí, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló wọlé, 394,684 sí 292,747. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa máa ń fi irú ìbò yìí ṣẹ̀sín, èmi ò bá wọn ṣe é. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín owó ní Òṣogbo mọ ilé tí òun lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí iná bá ń kọ̀ ní àdúgbò fún oṣù mẹ́ta. Ìṣirò lòun náà ń ṣe. Ibi tí ìṣirò yẹn ti máa ń yẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìbúra, ọmọ wa á gba géètì tuntun, ẹni tó wà lẹ́nu géètì kì í sì í ṣe ọmọ wa.

Ìbínú náà ń gbé èèyàn dìde, bóyá ju ìfẹ́ lọ. Láti 2015, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ìpele 12 sókè ní Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdajì owó oṣù, àwọn ìpele 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó gba ọdún mẹ́ta. Tíṣà tó fi ìdajì owó oṣù san owó ilé ìwé ọmọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Mo gbà pé ẹsẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn wà nínú ohun tó jẹ́ kí ìbò 2018 há tó bẹ́ẹ̀.

"Dìbò kóo sebẹ̀" ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 sọ nígbà náà pé ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n dá: owó ìtanràn tó lè tó 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá, tàbí méjèèjì. Olówó ìbò ní ìṣòro kan: kò lè rí inú. Ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ kí èèyàn gbé ìwé sókè díẹ̀ kó tó jù ú sínú àpótí, tàbí kó fi fóònù yà á. Àwọn kan ń sọ pé kí a gba owó wọn, ká dì í bó ṣe wù wá. N kò sọ bẹ́ẹ̀, torí òfin. Ṣùgbọ́n mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún màmá aláta. Ká ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n fún yín, ẹ fi pín ọjọ́ tó wà nínú ọdún mẹ́rin, kò tó náírà mẹ́rin lóòjọ́. Wọ́n wo ata rodo tó wà níwájú wọn, wọ́n ní kò sí èyí tí àwọn á tà ní náírà mẹ́rin, ì báà jẹ́ èyí tó ti rà.

Àwọn tó jókòó sílé ló pọ̀ jù ṣá o. Ní 2022, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun jẹ́ 1,955,657. Àwọn tó dìbò jẹ́ 823,124. Adélékè wọlé pẹ̀lú 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ẹ ro ìbò àwọn méjèèjì pọ̀, kò tó iye àwọn tí kò yọjú. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Òkú wà nínú ìwé náà, ẹni tó ti rin ìrìn àjò wà níbẹ̀, ẹni tí kò gba káàdì rẹ̀ rí wà níbẹ̀. Ẹ̀rù sì ń ba àwọn kan. Àwọn àgbà wa rí wẹ́tìẹ̀ ní 1965, nígbà tí ìbò Ìwọ̀-Oòrùn di iná àti pẹtiróòlù. Bí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún bá ní kí àwọn ọmọ ilé má jáde lọ́jọ́ ìbò, ohun tó rí ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ náà ń mú ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ìbò 2018 kò parí ní ibùdó méje. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò gbé e fún Adélékè. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà á padà, nígbà tó sì di ọjọ́ 5 oṣù Keje, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i pé ti Oyètọ́lá ni. Ìdí? Adájọ́ tó kọ ìdájọ́ àkọ́kọ́ kò sí níjòókòó lọ́jọ́ kan tí ìgbẹ́jọ́ wáyé, ìyẹn sì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ kan! Ní 2023 ó tún ṣẹlẹ̀ lódìkejì: ìgbìmọ̀ ní oṣù Kìíní sọ pé ìbò ju iye èèyàn lọ ní àwọn ibùdó kan, wọ́n ní Oyètọ́lá ló wọlé, ní oṣù Kẹta kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi Adélékè sílẹ̀ níbi tó wà. Orí ohun tí BVAS kọ sílẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn náà dá lé. Ìyẹn ni pé iye èèyàn tí ẹ̀rọ rí ní ibùdó yín, àti ìwé ara ògiri yín, ni àwọn lọ́yà ń gbé káàkiri ní Àbújá.

Ìbò tó sún mọ́ wa jù lọ la kì í kà sí, ìyẹn ti káńsù. INEC kọ́ ló ń ṣe é, àjọ ìpínlẹ̀, OSIEC, ni. Wọ́n ṣe ọ̀kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, wọ́n tún ṣe ọ̀kan ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn tó gba ti àkọ́kọ́ àti àwọn tó gba ti èkejì sì ń du ṣékítéríàtì kan náà. Èèyàn kú, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù sá kúrò nílé iṣẹ́, owó tó ń ti Àbújá bọ̀ dá dúró. Ní Ifẹ̀, a mọ ohun tí káńsù lè dá sílẹ̀: ibi tí ṣékítéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ máa wà ló ru ìjà àwa àti Modákẹ́kẹ́ sókè ní 1997. Gọ́tà tó ń sun omi wọ inú ọjà Odò-Ògbè, iṣẹ́ káńsù ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dá ọjọ́ ìbò káńsù, bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ wa ń gbá ní títì.

Màmá aláta so ọ̀rá mi, wọ́n fi ata rodo méjì lé e. Wọ́n ń ro nǹkan kan.

"Àwọn 353 yẹn," wọ́n ní, "àwọn wo gan-an ni?"

Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀, mà. Kì í sí orúkọ lórí ìwé ìdìbò.